Owó Ilé-Iṣẹ́ Tí Kò Ní Ọ́fíìsì: Ta Ló Lè Ná An, Èló Ló Lè Ná Kó Tó Bèèrè?

Ẹ kú ìjókòó, gbogbo yín. Ẹ̀yin tí ẹ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣírò owó rẹ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ sọ́fítíwíà láti inú yàrá yín, ọ̀rọ̀ kan náà ló kó wa jọ. Ní ilé-iṣẹ́ tí gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láti ilé, ta ló láṣẹ láti náwó, èló ló lè ná kó tó bèèrè, ọjọ́ mélòó sì ni owó tó ti àpò ara rẹ̀ yọ yóò fi padà sọ́wọ́ rẹ̀?

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ọ́fíìsì, ojú ni òṣìṣẹ́ tuntun fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń náwó. Ó rí irú àga tí ọ̀gá jókòó sí. Ó rí kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé fún ẹni tó wọlé ṣáájú rẹ̀. Ó gbọ́ bí oníṣirò owó ṣe ń kùn nítorí owó takisí. Kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ ohun tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ àti ohun tí wọn kì í gbà. Ẹni tó dá jókòó sínú yàrá rẹ̀ kò rí ìkankan nínú gbogbo ìyẹn. Ojú ìwé tí wọ́n kọ ìlànà sí ló ní, àti èsì tí wọ́n fún un nígbà àkọ́kọ́ tó bèèrè owó. Ibẹ̀ ni àṣà ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń hàn jù. Wọn ìbáà kọ ọ́ gàdàgbà sórí ojúlé wọn pé àwọn fọkàn tán òṣìṣẹ́ àwọn, bí òṣìṣẹ́ bá ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni méjì kó tó ra okùn ṣájà, ó ti mọ ibi tí ìfọkàntán náà mọ.

Ẹ ó ti gbọ́ ti Netflix. Ní ọdún 2009 ni wọ́n gbé àwọn ojú ewé tó ṣàlàyé àṣà wọn sí gbangba. Ìlànà wọn lórí ìnáwó, ìrìn-àjò àti ẹ̀bùn kò ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ lédè Gẹ̀ẹ́sì: kí òṣìṣẹ́ ṣe ohun tó máa ṣe Netflix láǹfààní jù. GitLab, ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà tí kò ní ọ́fíìsì rárá, kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà wọn, tí ẹnikẹ́ni lágbàáyé lè kà, pé kí òṣìṣẹ́ ná owó ilé-iṣẹ́ bí ẹni ń ná owó ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì dùn ún gbọ́, ọ̀pọ̀ startup, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, sì ti dà wọ́n kọ. Ohun tí wọn kò dà kọ ni iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní Netflix, ọ̀gá ní láti ṣàlàyé fún àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó náwó, wọ́n sì ń yẹ ìnáwó wò lẹ́yìn. Ní ti GitLab, gbólóhùn kan yẹn kò dá dúró, ọ̀pọ̀ àlàyé kíkún ló yí i ká.

Ẹ tún wo "owó ara rẹ̀" yẹn dáadáa. Owó ara ta? Ẹnìkan wà tí yóò lo àga onígi ilé ìdáná fún ọdún méjì nítorí pé bó ṣe ń ná owó ara rẹ̀ nìyẹn. Ẹlòmíràn á ra àga tó wọ́n jù ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì ní rò pé òun ṣe ohun tó burú. Àwọn méjèèjì tẹ̀lé ìlànà.

Ìdí nìyí tí ìná-àpà kì í fi í ṣe ohun tó máa ń kọ́kọ́ yọjú níbi tí ìlànà bá ti fẹjú. Ìdákẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ yọjú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹni tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó wá láti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹjọ́ owó kan òṣìṣẹ́ lójú, gbogbo wọn á ká ọwọ́ kò. Ẹni tó lẹ́nu nìkan ni yóò máa rí gbà. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ìsinmi tí kò níye: nígbà tí kò sí ẹni tó mọ iye ọjọ́ tó tọ́, ọ̀pọ̀ kì í lọ. Kickstarter, ojúlé tí ènìyàn ti ń wá owó fún iṣẹ́ àkànṣe, pa irú ìlànà ìsinmi bẹ́ẹ̀ tì ní ọdún 2015, wọ́n sì fi iye ọjọ́ kan pàtó rọ́pò rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ iye síbẹ̀. Ìlànà tí kò wúlò ni èyí: "Òṣìṣẹ́ lè ra ohun èlò tó bójú mu, bí ọ̀gá rẹ̀ bá fọwọ́ sí i." Kí ló bójú mu? Ọ̀gá wo? Èyí tó wúlò á dún báyìí: "Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yín, ẹ ra àga, tábìlì àti mọ́nítọ̀ kan. Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju dọ́là 1,000 lọ. Ẹ má bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi rìsíìtì ránṣẹ́, owó yín á dé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Gbogbo rẹ̀ di tiyín, bí ẹ bá tilẹ̀ kúrò níbí." Ẹni tó ka èyí lè gbéra lọ sí ọjà lọ́jọ́ náà gan-an.

Yàtọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, fún ilé-iṣẹ́ tó ní nǹkan bí òṣìṣẹ́ 20, ipele mẹ́ta tó. Ohun tí kò bá ju dọ́là 100 lọ, kí òṣìṣẹ́ rà á kó sì fi rìsíìtì sílẹ̀. Láti 100 dé 1,000, kó bèèrè lọ́wọ́ olórí ikọ̀ rẹ̀. Tí ó bá ju 1,000 lọ, ẹni tó di bọ́jẹ́ẹ̀tì mú ni yóò dáhùn, lórí ìdí tí òṣìṣẹ́ kọ sílẹ̀ ní ìlà méjì. Ẹ fi àkókò sí ìdáhùn náà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: bí olórí ikọ̀ bá dákẹ́ títí ọjọ́ iṣẹ́ kan fi kọjá, ìdákẹ́ rẹ̀ di "bẹ́ẹ̀ ni". Níbi tí olórí ikọ̀ ti ń sùn nígbà tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ìbéèrè kan péré lè gba ọjọ́ méjì láìsí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fà á. Ẹ sì ṣírò ohun tí ìbéèrè fúnra rẹ̀ ń ná yín. Bí wákàtí kan òṣìṣẹ́ bá jẹ́ dọ́là 40, tí òun àti ọ̀gá rẹ̀ sì fi wákàtí kọ̀ọ̀kan kọ̀wé síra wọn lórí okùn dọ́là 25, ilé-iṣẹ́ ti fi 80 ṣọ́ 25.

Ohun tí wọ́n á máa yọ owó rẹ̀ lóṣooṣù kò sí nínú ipele wọ̀nyí, bó ti wù kó kéré tó. Irinṣẹ́ kan tó jẹ́ dọ́là 15 fún ẹnìkan lóṣù dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Fún ẹni 20, ó ti di 300 lóṣù, 3,600 lọ́dún, kò sì ní dáwọ́ dúró títí ẹnìkan fi dá a dúró. Kí irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹnìkan tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹni náà wò ó bóyá wọ́n ṣì ń lò ó, kó ka iye àyè tí ẹ ń sanwó fún, ìyẹn iye ènìyàn tí ẹ sanwó kí wọ́n lè lò ó, àti iye ènìyàn tó wọlé sí i lóṣù tó kọjá. Bí ó bá jẹ́ àdéhùn ọlọ́dọọdún, ẹ ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìsọdọ̀tun. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ló ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun fún ọdún mìíràn bí ẹ kò bá kọ̀wé ní ọjọ́ 30, 60 tàbí 90 ṣáájú. Ọjọ́ ìkọ̀wé yẹn ni kí ẹ kọ sí kàlẹ́ńdà, kì í ṣe ọjọ́ tí àdéhùn parí.

Mo fẹ́ lo àkókò díẹ̀ lórí owó tí òṣìṣẹ́ fi sílẹ̀ láti àpò ara rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni inú ti ń bàjẹ́ jù. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún iṣẹ́ ilé-iṣẹ́, tí wọ́n sì dá owó náà padà pẹ̀lú owó oṣù tó ń bọ̀, òṣìṣẹ́ ti yá ilé-iṣẹ́ lówó láìgba èlé. Ẹni tó ní owó nípamọ́ lè má mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí kò ní, owó ilé ló fi yá wọn yẹn, á sì tijú láti sọ ọ́. Ẹ ya ìsanpadà kúrò lára owó oṣù pátápátá. Kí ẹ máa san án lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ owó. Òṣìṣẹ́ fi owó ìlú rẹ̀ ra nǹkan, ilé-iṣẹ́ ń ṣírò ní dọ́là. Iye dọ́là ọjọ́ wo ni wọ́n á lò? Bí ìlànà kò bá sọ ọ́, oníṣirò owó á lo ti ọjọ́ tó ń sanwó, iye owó sì lè ti yí padà láàárín méjì. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n wo ìwé báńkì òṣìṣẹ́: iye gan-an tó jáde nínú àpò rẹ̀, títí kan owó tí báńkì gbà lórí rẹ̀, ni kó padà wọlé. Owó tí wọ́n ń gbà fún fífi owó ránṣẹ́ sí ilẹ̀ mìíràn, ilé-iṣẹ́ ni kó gbé e. Bí ẹ bá fi 50 ránṣẹ́ tí 43 dé, ẹ kò tíì san gbèsè yín tán.

Ó sàn kí òṣìṣẹ́ má fi owó ara rẹ̀ sílẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ti ń lo káàdì tí kò ṣeé fọwọ́ mú, nọ́ńbà lásán tí wọ́n ń ṣẹ̀dá lórí ẹ̀rọ. Ẹ ṣẹ̀dá ọ̀kan fún olùtajà kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń sanwó fún, kí ẹ sì fi òpin sí i. Bí nọ́ńbà náà bá bọ́ sọ́wọ́ olè, tàbí tí ẹni tó ń ta irinṣẹ́ bá dédé fi owó lé e, ọ̀kan yẹn nìkan ni yóò kọ̀, àwọn tó kù kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi òpin náà sí iye gan-an tí wọ́n ń gbà. Owó orí lè gun orí rẹ̀, pàṣípààrọ̀ lè yí díẹ̀, káàdì á kọ̀, irinṣẹ́ tí gbogbo iṣẹ́ yín dúró lé á sì kú lóru. Ẹ fi ìdá 15 tàbí 20 nínú 100 lé e. Fún òtẹ́ẹ̀lì, káàdì orí ẹ̀rọ kò dára tó: àwọn tó wà ní ẹnu ọ̀nà sábà máa ń bèèrè káàdì tó ṣeé fọwọ́ mú, wọ́n sì máa ń há owó mọ́lẹ̀ lórí rẹ̀ ju iye yàrá lọ títí àlejò fi kúrò. Òṣìṣẹ́ tó dé òru sí ìlú àjèjì kò yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ìyẹn níwájú akọ̀wé òtẹ́ẹ̀lì.

Ní ti ohun èlò, kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí àga. Ilé-iṣẹ́ ni kó ni kọ̀ǹpútà, torí iṣẹ́ àti àṣírí oníbàárà wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lè tì í tàbí nù ún láti òkèèrè. Àga, tábìlì àti mọ́nítọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó lò ó. Owó fífi mọ́nítọ̀ àlòkù kọjá aṣọ́bodè padà sọ́dọ̀ yín lè ju iye tó kù lára rẹ̀ lọ.

Owó íntánẹ́ẹ̀tì ní àríyànjiyàn tirẹ̀. Iye kan pàtó lóṣooṣù láìsí rìsíìtì rọrùn fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wọ́n máa kà á sí owó oṣù, wọ́n á sì gba owó orí lé e. Ní Amẹ́ríkà, owó tí ilé-iṣẹ́ dá padà kì í di owó oṣù bí ìnáwó náà bá jẹ mọ́ iṣẹ́, bí òṣìṣẹ́ bá mú ẹ̀rí wá lásìkò, tó sì dá èyí tó ṣẹ́kù padà. Lójú IRS, àjọ tó ń gba owó orí níbẹ̀, ọjọ́ 60 fún ẹ̀rí àti ọjọ́ 120 fún owó tó ṣẹ́kù bójú mu. Ní California, òfin iṣẹ́ wọn, abala 2802, sọ pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ san ìnáwó tó pọn dandan tí òṣìṣẹ́ ṣe nítorí iṣẹ́, nítorí náà kì í ṣe ojúrere níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú agbaṣẹ́ṣe o. Bí ẹ bá ń fún un ní kọ̀ǹpútà, àga àti owó ìsinmi bíi ti òṣìṣẹ́, ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ lè sọ pé òṣìṣẹ́ yín ni, kí ẹ sì wá san owó orí tí ẹ kò san. Fún agbaṣẹ́ṣe, kí iye iṣẹ́ rẹ̀ gbé gbogbo rẹ̀.

Ìnáwó kan wà tí kò gba rìsíìtì, tí kò sì gba àṣẹ: ti ẹ̀rọ tí àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà ń yá lórí cloud, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń lò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò lè ra okùn dọ́là 25 láìbèèrè lè tẹ bọ́tìnì kan tó ń jẹ dọ́là 25 ní wákàtí kan. Ohun tó ń fa òfò níbẹ̀ kì í ṣe àdììtú: ẹ̀rọ ìdánwò tí wọ́n gbàgbé láti pa, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ sáfà tí wọ́n ń tọ́jú títí ayé, dátà tó ń jáde láti ibì kan lọ síbòmíràn, àti lóde òní, ètò AI tó ń pe ara rẹ̀ láìdúró. Ọ̀sẹ̀ kan ní wákàtí 168. Bí ẹ̀rọ ìdánwò bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 12 lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, 60 péré nìyẹn. Ẹ kọ ètò kékeré tí yóò máa pa wọ́n lóru àti lópin ọ̀sẹ̀, ìdá 64 nínú 100 àwọn wákàtí yẹn á kúrò nínú owó yín. Ẹ má fi gbogbo ọkàn gbẹ́kẹ̀ lé ìkìlọ̀ bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ní AWS, ìyẹn cloud ti Amazon, bí àpẹẹrẹ, bọ́jẹ́ẹ̀tì máa ń gba ìròyìn ìnáwó tuntun ní nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá síra wọn. Ìkìlọ̀ lè dé nígbà tí ilé ti jó tán. Òpin gidi, bíi iye ẹ̀rọ tí àkáǹtì lè ṣí àti iye tí kọ́kọ́rọ́ AI kọ̀ọ̀kan (kóòdù tí ètò yín fi ń wọlé sí AI) lè ná lóṣù, ló ń dá a dúró.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ sì máa ń jẹ́ owó kékeré. Domain ilé-iṣẹ́, ìyẹn orúkọ tí ojúlé àti ímeèlì yín ń jẹ́, kì í sábà ju dọ́là díẹ̀ lọ lọ́dún. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹnìkan fi káàdì ara rẹ̀ rà á, kò sì sí ẹni tó rántí mọ́. Ẹni náà kúrò, káàdì rẹ̀ parí, ìsọdọ̀tun kọ̀. Ẹni tó ta domain fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ímeèlì tí wọ́n fi sílẹ̀ wà lórí domain kan náà, nítorí náà nígbà tí domain kú, ìkìlọ̀ tó kù kò ní ibi tí yóò dé sí. Fún orúkọ bíi .com, nígbà tí wọ́n bá ti pa á rẹ́, ọjọ́ 30 wà tí ẹ ṣì lè rà á padà, ní owó tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ márùn-ún tí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe, kó tó di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ mú un. Ẹ fi àkáǹtì domain sí orúkọ ilé-iṣẹ́, kí ẹni méjì ní àǹfààní sí i, kí ímeèlì rẹ̀ wà lórí domain mìíràn, kí ẹ sì san ọdún mélòó kan pọ̀.

Owó tí ẹ kò fi san ọ́fíìsì, ẹ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ pàdé. Automattic àti GitLab, tí òṣìṣẹ́ wọn fọ́n káàkiri ayé, ni a mọ̀ mọ́ irú ìpàdé ojúkojú bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti físà. Ìlú tí ẹni tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ le jù lè wọ̀ ni kí ẹ mú, kí ẹ tó wo iye òtẹ́ẹ̀lì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn kan náà ni yóò máa wo ìpàdé lórí fídíò lọ́dọọdún. Owó físà, fọ́tò àti ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì físà jẹ́ owó iṣẹ́. Fún oúnjẹ, ẹ fún wọn ní iye kan lójúmọ́, kí ẹ má bèèrè rìsíìtì ife tíì.

Bí ẹ bá ti fún ènìyàn láyè láti náwó, ẹ gbọ́dọ̀ máa wẹ̀yìn. Kí ẹnìkan ka àkọsílẹ̀ gbogbo ìnáwó lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí nǹkan bá rújú, kó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó náwó ní ìkọ̀kọ̀. Kó má ṣe é ní gbangba níbi tí gbogbo ikọ̀ ti ń kọ̀wé, torí ìbéèrè kan ní gbangba yóò pa ẹnu ẹni mẹ́wàá mọ́. Bí ẹni méjì bá ṣi ìlànà kan náà lóye, ojú ìwé ló yẹ kí ẹ tún kọ. Ìnáwó olùdásílẹ̀, ẹlòmíràn ni kó fọwọ́ sí i. Òṣìṣẹ́ á rí i tó bá wọ àyè olówó gọbọi nínú bàálù lẹ́yìn tó ti ní kí wọ́n ṣọ́wó ná.

Àwọn olè mọ̀ pé ẹ kì í ríra yín. Wọ́n á fi ímeèlì ránṣẹ́ bí ẹni pé ẹni tí ẹ máa ń sanwó fún ló kọ ọ́: "A ti yí báńkì wa padà." Ẹ pe nọ́ńbà tó ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú ímeèlì náà, kí ẹni tó kọ nọ́ńbà báńkì tuntun sílẹ̀ má sì jẹ́ ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìsanwó. Ẹ tún kọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ tuntun pé kò sí ọ̀gá kankan tí yóò ní kó ra káàdì ẹ̀bùn kó sì fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́.

Ọjọ́ ìgékù lè dé. Bí owó tó wà ní báńkì bá jẹ́ 600,000, tí ohun tó ń jáde sì fi 50,000 ju ohun tó ń wọlé lọ lóṣù, oṣù 12 ló kù. Ẹ sọ nọ́ńbà náà fún òṣìṣẹ́ kí ẹ tó gé ohunkóhun. Àyè tí ẹnikẹ́ni kò lò ni kó kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ̀rọ cloud, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn àdéhùn ńlá tí ẹ lè dúnàá-dúrà lé lórí. Owó íntánẹ́ẹ̀tì dọ́là 50 fún ẹni 20 jẹ́ 12,000 lọ́dún, kò tó ìnáwó ọ̀sẹ̀ méjì ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ènìyàn ló sì máa mọ̀ ọ́n lára ní oṣù kan náà. Ẹ fi ìyẹn sẹ́yìn pátápátá. Ẹ gé e lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má máa gé e wẹ́wẹ́ lóṣooṣù, kí ìkéde sì ní ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ti rà ṣáájú ọjọ́ yẹn, bí rìsíìtì rẹ̀ kò bá tilẹ̀ tíì wọlé, ẹ san án.